Ògbólógbòó Bọ́ Sọ́wọ́ Káfíńtà

Màámi ló sọ àwọn lẹ́tà ìtẹ̀wé wa náà ní Ògbólógbòó. Wọ́n lórúkọ mìíràn níbi tí wọ́n ti gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Igi ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ki pọ́pọ́. Tí a bá tò wọ́n sórí ìlà kan, ńṣe ni wọ́n ń fún mọ́ ara wọn bí èrò tó pọ̀ jù lórí bẹ́ńṣì kan, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dìde fún ẹnìkejì. Ohun tí lẹ́tà mìíràn á fi ìlà mẹ́ta sọ, Ògbólógbòó á fi ìlà kan sọ ọ́, á sì pariwo rẹ̀ débi pé ẹni tó ń lọ lódìkejì títì á yíjú wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí gíga wọn làwọn oníbàárà ṣe ń wá wọn. Ojú wọn ni. Wọ́n ti gbó. Wọ́n ti já bọ́ láìmọye ìgbà, wọ́n ti sán, kòkòrò ti tọ́ díẹ̀ wò lára wọn. Tí a bá fi yíńkì pa wọ́n tí a sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà, ibi tó sán á fi ojú funfun sílẹ̀, ibi tó ha á fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀, dúdú tó kù á sì ṣe tótòtó. Àwọn oníkọ̀ǹpútà náà ní irú rẹ̀. Mo ti rí i. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì, pósítà á jáde, lẹ́tà A mẹ́rin tó wà lórí rẹ̀ á sì ní àpá kan náà lójú kan náà. Ta ni wọ́n ń tàn? Ìbejì pàápàá kì í jọ ṣubú kí orúnkún wọn sì bó lójú kan náà.

Èmi àti Màámi nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà. Yàrá kan ni níwájú, ẹ̀rọ ńlá tí a ń fi ọwọ́ yí wà láàárín rẹ̀, tábìlì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, okùn sì wà lókè tí a ń sá pósítà sí kí yíńkì wọn lè gbẹ. Bàbá mi ti kú tipẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì ti lọ sílé ọkọ. Iṣẹ́ méjì ni èmi àti Màámi ń ṣe níbẹ̀: ìwé títẹ̀ àti ìjà. A ń jà láàárọ̀ lórí ẹni tí kò dé agolo yíńkì. A ń jà lọ́sàn-án lórí bóyá ìlà kan wọ́. Ká tó ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, a ti jà lórí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìjà àárọ̀. Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Tèmi ti sọ mí: Ata ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Mi ò bá wọn jà sí i, torí orúkọ náà bá mi mu.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́ kò jọ mí rárá. Káfíńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwa lódìkejì títì, Jẹ́jẹ́ sì ni wọ́n ń pè é. Tí òòlù bá bà á látàńpàkò, “pẹ̀lẹ́” ló máa wí, mi ò sì tíì mọ̀ bóyá àtàńpàkò ló ń kí àbí òòlù. Oníbàárà á jókòó sórí àga tí kò tíì sanwó rẹ̀, á ní àga náà ń roro mọ́ òun nídìí, Jẹ́jẹ́ á ní kó má bínú, á sì tún un fá.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ fatafata, á gbé iṣẹ́ sílẹ̀, á fi ọwọ́ lẹ́rán, á máa gbọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ rédíò tó dùn. Tí mo bá parí, á bi mí ní ìbéèrè kan péré, ìbéèrè náà á sì fi hàn pé kò sí èyí tí kò gbọ́ nínú gbogbo ohun tí mo wí. Mo ti dàgbà tó ẹni tó mọ ohun tó ń wá, òun sì ni mo ń wá. Màámi nìkan ni kò gbà.

“Ọmọ dáadáa ni,” Màámi ní. “Ìdí tí mi ò fi gbà nìyẹn.”

“Kí lẹ wí?”

“Kò ní ìjà kankan nínú. Wàá jẹ ẹ́ run. Kí ọdún tó yípo, wàá ti sọ ọ́ di aṣọ ìnulẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni, mi ò ní fọwọ́ sí i.”

“Màámi, èmi tí mo jẹ́ ọmọ yín ńkọ́?”

“Ìwọ? Ìwọ ni mo mọ̀ tí mo fi ń sọ ọ́.”

Mo lè fẹ́ ẹ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó máa dè mí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Màámi ni mo ní, ẹnu Màámi ni mo sì fẹ́ ti gbọ́ “ó yá”, kó sì jẹ́ pé inú wọn ló ti wá. Jẹ́jẹ́ náà ní òun ò ní mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tipátipá, pé ká ní sùúrù. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé onísùúrù ní í fún wàrà kìnìún. Ṣùgbọ́n kìnìún tí à ń wí yìí, èmi mọ̀ ọ́n, òun ló bí mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ọ̀gá Onítíátà fi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Òun ló ni ẹgbẹ́ òṣèré kékeré kan, ọdọ̀ wa ló sì ti ń tẹ pósítà rẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé.

“Ìyá Onítẹ̀wé! Eré tuntun ti dé o. Ẹ̀rín ni látòkèdélẹ̀. Ìdààmú kan ló wà níbẹ̀. Àkọlé rẹ̀ gùn, òpó tí a máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ níwájú gbọ̀ngàn ò sì fẹ̀.”

“Kí làkọlé náà?”

Ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ti wà lórí ìtàgé. “Ariwo Ńlá Nínú Ilé Kékeré! Orí ìlà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ẹ o. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ka ariwo lókè kí wọ́n tó wá ilé kiri nísàlẹ̀.”

“Ògbólógbòó ni,” èmi àti Màámi jọ wí, ó sì ya àwa méjèèjì lẹ́nu pé a fẹnu kò.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ní òun ń bọ̀ wá kó àwọn pósítà náà. Bó ṣe jáde ni Màámi fa dúrọ́ọ̀ tí Ògbólógbòó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni ìdí dúrọ́ọ̀ náà ya lápá kan, lẹ́tà méjì sì bọ́ sílẹ̀. Màámi ṣà wọ́n, wọ́n fi aṣọ nu ojú wọn, wọ́n dá wọn padà sínú.

“Gbé e lọ bá Káfíńtà ẹ,” Màámi ní. “Kó kan ìdí ẹ̀, kó dá a padà láàárọ̀. Má tú lẹ́tà kankan sílẹ̀ níbí, ibi tí mo máa kó wọn sí ò sí. Kó o gbé gbogbo ẹ̀ lọ bó ṣe wà.”

Mo gbé e lọ bó ṣe wà. Jẹ́jẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹjú mọ́ àwọn lẹ́tà náà, ó sì fi ìka kan tọ́ ara W. Ó ní, “Wọ́n mà ti jìyà o.” Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn ti bà mí lẹ́rù, àmọ́ ta ló ń bẹ̀rù Jẹ́jẹ́?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé. Ẹ̀wù tó fi irin lọ̀ ló wọ̀. Ó gbé dúrọ́ọ̀ náà dání bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì fi aṣọ funfun bò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè pa ẹnu dé.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ti kan ìdí ẹ̀. Mo sì fi nǹkan díẹ̀ kún un.”

Ó ká aṣọ kúrò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wọn ń dán. Dúdú tó ti wọ̀ wọ́n lára láti ọjọ́ pípẹ́ ti lọ, a tún ń rí àwọ̀ igi. Kò sí ibi tó sán mọ́. Kò sí ibi tó ha. Gbogbo ihò kòkòrò ti dí. Òróró ń kọ mànà lójú wọn. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ lè wo dígí nínú lẹ́tà O.

“Àánú wọn ló ṣe mí, mà,” Jẹ́jẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò tíì wo ojú wa. “Wọ́n ti sán jù. Mo fi gọ́ọ̀mù po lẹ́búlẹ́bú pákó, mo fi dí gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó gbẹ, mo fi sáńpépà dán wọn. Èyí tó bàjẹ́ jù ni mo dán jù. Wọ́n ti di tuntun.”

Màámi kò sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá mọ Màámi lè rò pé ìyẹn dáa. Èmi mọ̀ wọ́n. Mo wá ń sọ̀rọ̀ kí Màámi má baà ráyè bẹ̀rẹ̀.

“Ta ló rán ẹ? Jẹ́jẹ́, ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ìdí dúrọ́ọ̀ la ní kó o kàn! Ṣé tí wọ́n bá ní kó o wá kan ilẹ̀kùn, wàá wẹ baálé ilé ni? Àpá yẹn gan-an lọjà wa! Àpá yẹn là ń tà!”

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo èmi, ó wo Màámi. “Ṣé kò dáa ni?”

Màámi mú E kan, wọ́n fi àtàńpàkò ra ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó máa ń sán tẹ́lẹ̀. “Oyún ẹ ló wà níkùn mi lọ́jọ́ tí èyí sán,” Màámi sọ fún mi. “Mo yọ̀ lórí òróró. Mo gbá ikùn mi mú, mo jẹ́ kí E yìí já bọ́.” Wọ́n gbé E náà sílẹ̀. “Ojú àpá ò lè jọ ojú ara, ohun tí wọ́n sọ fún wa nìyẹn. Wọn ò sọ fún wa pé ẹnìkan ń bọ̀ tó máa mú un jọ ọ́.”

“Ẹ má bínú, mà,” Jẹ́jẹ́ wí.

“Tò wọ́n,” Màámi ní sí mi. “Ká wo ohun tó kù.”

Mo to ìlà náà sórí ẹ̀rọ, mo fi rólà pa yíńkì, Màámi tẹ́ bébà, a yí i. Nígbà tí a ṣí i, a rí ìyọnu mìíràn. Lẹ́tà ìtẹ̀wé, gíga kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní. Tí ọ̀kan bá fi ìwọ̀n èékánná kúrú sí èkejì, rólà á gba orí rẹ̀ kọjá láìkí i. Níwọ̀n bí Jẹ́jẹ́ sì ti fi sáńpépà fá èyí tó bàjẹ́ jù ju àwọn yòókù lọ, gíga wọn ò dọ́gba mọ́. Lẹ́tà A ń pariwo, W ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, K kan ò tiẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Èyí tó sì tẹ̀ dáadáa nínú wọn tún burú jù, torí ó mọ́ kedere, ó dúdú mìnìjọ̀, kò ní ìtàn kankan lójú.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ọ̀gá Onítíátà ń kọjá lọ síbi ìgbáradì, ló bá yọjú láti kí wa. Ó rí bébà náà lọ́wọ́ Màámi.

“Ta lèyí?” ó béèrè. “Ìyá Onítẹ̀wé, ó jọ ìkìlọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ báńkì. Ẹni tó bá rí i á rò pé wọ́n fẹ́ ti gbọ̀ngàn náà pa ni. Ògbólógbòó mi dà?”

“Yóò dé,” Màámi ní.

“Ọ̀sán ni mo ń bọ̀ o. Tí kò bá ní lè dé, ẹ tètè sọ fún mi, kí n sáré lọ bá àwọn oníkọ̀ǹpútà.”

Ó lọ. Orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn ta Màámi ju oyin lọ. Wọ́n yíjú sí Jẹ́jẹ́, mo sì mọ̀ pé ó tán. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ yìí, gbogbo sùúrù, gbogbo ire tó ti ń ṣe fún wọn, ilẹ̀kùn tó bá wọn tún ṣe, àga tó fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, sáńpépà ti dán an lọ. Mo fẹ́ sunkún, inú sì ń bí mi pé mo fẹ́ sunkún.

“Káfíńtà, o ti ba lẹ́tà mi jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú.”

“O ti fẹ́ lé oníbàárà mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú.”

“Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹ ni?”

“Ẹ forí jì mí, mà.”

Màámi pòṣé. Wọ́n mú òòlu tí a fi ń dá ihò sí bébà, wọ́n gbé E sórí tábìlì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ibi tí Jẹ́jẹ́ dí. Wọ́n ń gún un gàà, gàà. “Gbogbo ẹ̀ ló máa jáde wàràwàrà,” Màámi ń ráhùn. “Kí ló fẹ́ dá a dúró? Gọ́ọ̀mù ọmọléèwé. Iṣẹ́ játijàti.”

“Kí lẹ pè é, mà?”

Ohùn náà ṣàjèjì sí mi. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló wọlé.

“Iṣẹ́ játijàti,” Màámi tún un wí.

“Játijàti kẹ̀!” Jẹ́jẹ́ lu tábìlì, agolo yíńkì fò sókè. “Ẹ lè ní mo ṣàṣejù, mà! Ẹ lè ní kí n jáde! Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í ṣe játijàti! Ẹ fi òòlu yẹn gún un títí oòrùn á fi wọ̀, kò ní jáde, igi yẹn lẹ máa là sí méjì! Ṣé bí wọ́n ṣe ń wa igi nìyẹn? Ẹ gbé e wá!”

Ó já òòlu gbà lọ́wọ́ Màámi. Lọ́wọ́ Màámi! Mo wá ibi jókòó.

“Ẹ rò pé mo kàn pa ojú dé, mo fi nǹkan kùn ún? Mi ò wò wọ́n ni? E yìí, ìsàlẹ̀ ló ti sán, ibi tó sì sán yà díẹ̀ sápá òsì! R yìí, ìlà méjì ló wà níkùn ẹ̀, ọ̀kan ti pẹ́, èkejì jẹ́ ti ìṣó! W, kòkòrò gba ẹsẹ̀ àárín wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde! N yìí ńkọ́? Ẹnìkan ti fi N yìí kan nǹkan mọ́lẹ̀ rí! Ta ló ń fi lẹ́tà ṣe òòlù? Irú èèyàn wo nìyẹn?”

“Èmi ni,” Màámi ní.

“Ẹ ò ṣe é dáadáa, mà!”

“Nínú ṣọ́ọ̀bù mi lo ti ń pariwo mọ́ mi?”

“Nínú ṣọ́ọ̀bù yín ni! Ẹ ò ṣe é dáadáa!”

Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lọ ti ń dúró lójú fèrèsé. Màámi fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn. Mo ti ń gbé pẹ̀lú Màámi láti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, mo rí i pé ojú wọn kò le mọ́. Ó ń tàn. Wọ́n ń wo Jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i wọlé.

“Ó dáa,” Màámi ní. “Tí o bá mọ̀ ọ́n ṣe, yọ ọ́ kí n rí i.”

“Omi gbígbóná!” Jẹ́jẹ́ pàṣẹ, èmi ló ń bá wí. “Gọ́ọ̀mù yìí ò bẹ̀rù òòlu ẹnikẹ́ni. Omi gbígbóná nìkan ló ń bẹ̀rù.”

Èmi Ata, mo dìde, mo lọ gbé omi kaná láìsọ̀rọ̀.

Bí a ṣe ṣe é nìyí. Jẹ́jẹ́ ń fi àkísà tó rin gbingbin sórí ojú lẹ́tà títí gọ́ọ̀mù á fi rọ̀, á wá fi òòlu tọ ipa ọ̀nà tí igi fúnra rẹ̀ gbà, ohun tó dí á sì máa jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Màámi ń gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń fi rúlà wọn gíga rẹ̀, wọ́n ń ge bébà tín-ínrín lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó lè bá ẹgbẹ́ dọ́gba. Wọn ò sì dákẹ́.

“Bébà á rọ̀ tó bá pẹ́,” Jẹ́jẹ́ ń wí. “Pákó fẹ́ẹ́rẹ́ ló yẹ kí ẹ fi sí i.”

“Bébà ni wọ́n ń lò.”

“Àwọn wo ló ń lò ó?”

“Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ.”

“Ṣé wọ́n mọ igi?”

“Ṣé ìwọ mọ bébà?”

Mo ní, “Ẹ ò ṣe fi bébà sí àwọn kan, kí ẹ fi pákó sí àwọn yòókù?”

“Ìwọ dákẹ́!” àwọn méjèèjì jọ wí.

Mo dákẹ́. Ohun tí wọ́n sì ṣe nígbẹ̀yìn náà nìyẹn: bébà fún èyí tó kúrú díẹ̀, pákó fún èyí tó kúrú jù. Jẹ́jẹ́ sáré sọdá lọ fá pákó náà wá, ó sì ń bá àríyànjiyàn lọ láti àárín títì. Ẹ̀wù tó fi irin lọ̀ ti di aṣọ yíńkì. Mo ń wo ìtìjú tó ti kúrò lójú rẹ̀, mo sì ń wo Màámi tí wọ́n ká ọwọ́ aṣọ sókè bí ọ̀dọ́, inú mi ń dùn, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ẹni tó ń bá Màámi jà kò tíì di ẹni tí Màámi máa fún lọ́mọ.

Nígbà tí a tún yí ẹ̀rọ, tí Màámi ṣí bébà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ orí wò ó. ARIWO NLA NINU ILE KEKERE. Ó gùn láti etí dé etí, ó dúró gbagidi, ó sì ti padà gbó. E ti sán nísàlẹ̀. Ìlà méjèèjì wà níkùn R. Àwọn ibi tó ha wẹ́wẹ́ tí sáńpépà ti fá lọ kò padà, wọn ò sì lè padà mọ́ láéláé. Àpá tuntun wà níbi tí Màámi ti kọ́kọ́ fi ìbínú gún E, ó rí wúruwùru lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí Jẹ́jẹ́ tọ̀ jẹ́jẹ́.

“Kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀,” Màámi ní.

Jẹ́jẹ́ mí kanlẹ̀. “Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má bínú.”

“Má tún bẹ̀rẹ̀ o!” Màámi pariwo. Wọ́n sá bébà náà sórí okùn. “Nígbà tí mo rà wọ́n, ọwọ́ àwọn mìíràn ti wà lára wọn. Tèmi kún un. Tìẹ náà ti wá kún un báyìí. Ó parí.”

A ti tẹ èyí tó kù tán kí Ọ̀gá Onítíátà tó dé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti kà á sókè bí ẹni ń pe èrò wọ gbọ̀ngàn, ó sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. “Ẹni wa nìyí! Ẹni wa ti dé!” Ó ń kó wọn mọ́ra nígbà tó rántí nǹkan. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pariwo níbí láàárọ̀? Mo gbọ́ ọ dé ìkóríta. Tí ẹni náà bá ń wá iṣẹ́, mo ń wá ẹni tó máa ṣe baálé ilé.”

Èmi àti Màámi jọ wo Jẹ́jẹ́. Ó ṣẹ́jú sí wa, ó gbé pósítà rẹ̀ lọ.

Màámi jókòó sórí àga, wọ́n ní kí Jẹ́jẹ́ náà jókòó. Mo ń fi kẹrosíìnì fọ rólà, mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo sì na etí sílẹ̀.

“Ṣé bó o ṣe máa ń ṣe nìyẹn?” Màámi bi í.

“Lórí iṣẹ́ mi nìkan ni, mà.”

“Tí èyí bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹ ńkọ́?” Mo mọ̀ pé èmi ni wọ́n nawọ́ sí.

“Màá bá a jà.”

“Tó bá ń ju òkò ọ̀rọ̀ lù ọ́ lásán, tí kò kan iṣẹ́?”

“Ìyẹn ò dùn mí, mà. Mo fẹ́ràn láti máa gbọ́ ọ.”

Màámi rẹ́rìn-ín kékeré, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́. Nígbà tí wọ́n tún máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti wálẹ̀. “Mo ní ó máa jẹ ọ́ run, lóòótọ́ ló sì bà mí lẹ́rù. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Tó bá bá ẹ lọ, ta ni màá máa bá jà láàárọ̀? Mo ti sọ̀rọ̀ sí ẹ̀rọ yìí wò. Kì í fèsì.”

Rólà bọ́ lọ́wọ́ mi sínú kẹrosíìnì. Gbogbo bí mo ṣe ń bínú sí wọn láti ọjọ́ yìí wá, mi ò ronú kan ibẹ̀ rí. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì lè nù ún, torí yíńkì wà lọ́wọ́ mi.

“Ọ̀nà ò jìn, mà,” Jẹ́jẹ́ ní. “Òdìkejì títì ni.”

“Ó jìn jù. Yàrá kan wà lẹ́yìn níbí. Bébà àtijọ́ ló kún ibẹ̀.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Òrùlé ibẹ̀ ń jò.”

“Òrùlé mi ò jò.”

“Ó ń jò, mà. Mo rí i láti ìta. Igi tó gbé e dúró ti jẹrà lápá kan.”

“Igi wo ló jẹrà? Dìde, wá fi hàn mí!”

“Ẹ máa bọ̀, kí n fi hàn yín!”

Wọ́n wọ ẹ̀yìn lọ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ ìdì bébà nílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní abẹ́ fèrèsé ló yẹ kí bẹ́ẹ̀dì wà. Màámi ní òtútù á pa èèyàn níbẹ̀, pé ìdí ògiri ló yẹ. Jẹ́jẹ́ ní ìdí ògiri gan-an lòrùlé ti ń jò. Ohùn àwọn méjèèjì ń ga sí i, mo sì dúró lójú kan níbi tí mo wà, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, kẹrosíìnì ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.

“Ata!” Màámi ké láti inú yàrá. “Kí lo dúró ṣe níbẹ̀ yẹn? Yàrá tìẹ la ń sọ o! Wá bá wa jà!”